Aṣọ Funfun Lórí Ọ̀pá Ìyá Thakane

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Femke dé Ha Mphosi. Ó ti pẹ́ tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn ní àbúlé náà, nítorí náà, kí ọmọbìnrin yìí tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin tí wọ́n fi gbé e gòkè, orúkọ ti ń dúró dè é. Ìyá Thakane, opó tí wọ́n fi í wọ̀ sílé rẹ̀, jáde sínú ọ̀wààrà, ó ju kúbùsù bò ó lórí, ó ní, "Puleng ni ọ́. Inú òjò lo bá wọlé tọ̀ wá." Bí àwa ṣe ń sọ ọmọ ní Béjídé ni àwọn náà ṣe ń sọ tiwọn ní Puleng. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún pè é ní Femke mọ́, àfi ìyá tó bí i lọ́mọ, nígbà tí Puleng bá gun orí àpáta ẹ̀yìn ilé ìwé lọ wá ibi tí fóònù ti ń gbọ́ràn.

Ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì ni, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú àtẹ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gun òkìtì èèrà ti lè rí ìlú kejì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà náà. Ìṣirò ló wá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún kan, láàárín òkè Maloti, níbi tí ilé ti lẹ̀ mọ́ ara òkè bí ìtẹ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀.

Ohun gbogbo ló ń dùn mọ́ ọn. Láàárọ̀, tí omi inú garawa bá ti dì, á mú òkúta, á fọ́ ọ, á gbé yìnyín náà sókè sí oòrùn, á máa rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀nà bá dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó fìdí janlẹ̀, ẹ̀rín náà ni. Ìyá Thakane á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gbọ́wọ́ sí ìbàdí.

"Puleng, ta ló ń rìn ọ́ ní ìgìgirì?"

"Ìyá, ẹ wá wò ó! Koríko ti wọ inú yìnyín!"

"Koríko tí mo ti ń rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Tẹ́ iná, jàre. Tíì ni mo fẹ́ rí."

Nígbà tó kọ́kọ́ da kúbùsù tí obìnrin náà fún un bora, ó jẹ́ kí ìlà ara rẹ̀ sùn gbalaja. Ìyá Thakane bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó yí i padà, ó fi pín-ìnnì gún un ní èjìká. "Ìlà kúbùsù kì í sùn, ó máa ń dúró ni. Ẹni tó bá tẹ́ ìlà sílẹ̀, ìdàgbà ara rẹ̀ ló tẹ́ sílẹ̀."

"Ìyá, mo kúkú ga jù yín lọ."

"Igi náà ga. Ṣé igi gbọ́n ni?"

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Puleng. Àwọn ọkùnrin ń gun ẹṣin kọjá lójoojúmọ́, kúbùsù wọn ń fẹ́ lẹ́yìn, wọ́n á ṣí fìlà fún un, wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó ń yà. Ó ti kọ́ èdè wọn dé ìwọ̀n kan, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá àgò lóhùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá ké àgò náà. Ẹṣin pàápàá, ojú ló fi ń gùn ún.

Bí ìgbà òtútù ti wọlé pátápátá, yìnyín bo orí òkè, àwọn darandaran sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹran wọn sọ̀ kalẹ̀. Baálẹ̀ ránṣẹ́ yí àbúlé ká pé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọn yóò ṣí oko sílẹ̀ fún màlúù. Bí oko bá ti ṣí, oko gbogbo ayé ni. Ohunkóhun tí màlúù bá bá lórí ìdúró, ó ti di ti màlúù, kò sì sí ẹjọ́ níbẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ló ti kórè ọkà bàbà tiwọn tán. Ti Ìyá Thakane nìkan ló kù lórí ìdúró. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì wà níbi ìwakùsà ní òkè odò. Thakane, ọmọbìnrin rẹ̀, ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Maseru, olú ìlú wọn. Orúnkún ìyá wọn sì ti wú láti ìgbà ìkórè. Ọkà yẹn ni oúnjẹ ọdún kan. Ó wá bẹ ọ̀wẹ̀ fún ọjọ́ Sátidé, nítorí pé ní ọjọ́ Ìsinmi, kò sẹ́ni tó máa ń fọwọ́ kan dòjé ní Ha Mphosi.

Owó kì í wọ ọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀ níbẹ̀. Ọtí ni. Ìyá Thakane pọn ọtí bàbà sínú ìkòkò ràgàjì kan tó tóbi bí abo màlúù tó dùbúlẹ̀. Puleng bá a rò ó, ó bá a sẹ́ ẹ, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀.

"Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n á tìtorí èyí ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́?"

"Àbí kí ni? Ẹni tó bá ti mu ọtí ọ̀wẹ̀, ó ti di dòjé mú nìyẹn. Ẹni tí kò bá rí ọtí mu, tí mo bá pè é wá sóko, òmùgọ̀ ni mo fi í pè."

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọtí ti jinná. Ìyá Thakane wọ aṣọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ó mú ọ̀pá ìtìlẹ̀, ó ń lọ sí ìpàdé àdúrà ní òdìkejì àfonífojì. Ó yíjú padà lẹ́nu géètì.

"Bí àlejò bá yà, má jẹ́ kó bá ọ̀fun gbígbẹ lọ o. Wọn kì í sọ pé ilé mi há."

"Mo ti gbọ́, Ìyá!"

Omi àti tíì ló wà lọ́kàn Ìyá Thakane. Kò ronú pé ẹnikẹ́ni á yà rárá.

Puleng fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, èyí tó fẹ́ wọ̀ lọ sílé ìwé ní ọjọ́ Ajé. Ó sá a sórí okùn, ṣùgbọ́n oòrùn ìgbà òtútù kì í pẹ́ ní àgbàlá náà. Ọ̀sán kò tíì rọ̀ tí òjìji òkè fi bo ilé, tí omi ara ṣẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Puleng gbójú sókè. Oòrùn ṣì wà lókè lọ́hùn-ún, ó ń ràn lórí òrùlé, ó kàn kọjá ibi tí ọwọ́ ń dé ni. Ó wá rántí ohun kan tó ti máa ń rí káàkiri àbúlé láti ìgbà tó ti dé: ọ̀pá gígùn lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé kan, aṣọ funfun kékeré lókè rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́.

"Háà! Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá nìyí!"

Ọ̀pá gígùn kan fara ti ògiri, èyí tí olóògbé ọkọ Ìyá Thakane máa ń fi tún òrùlé ṣe. Ó so ṣẹ́ẹ̀tì náà mọ́ orí rẹ̀, ó gbé e dúró, ó fi òkúta há ìdí rẹ̀. Oòrùn gbá a mú, atẹ́gùn sì fẹ́ ẹ. Ó dúró, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó yanjú ìṣirò tí ó ta kókó.

Ní gbogbo àwọn òkè yẹn, ọmọ tó bá ti lè sọ̀rọ̀ ló mọ̀ pé aṣọ pupa lórí ọ̀pá túmọ̀ sí ẹran, pé aṣọ funfun sì túmọ̀ sí pé ọtí ti dé. Puleng kì í mutí, kò sì sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé fún olùkọ́.

Kò pẹ́ tí ó fi gbọ́ pátákò ẹṣin.

"Àgò onílé o!"

Ọkàn rẹ̀ fò sókè. "Àgò yà o! Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa bọ̀!"

Àgbà ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ramoeletsi ló ṣíwájú. Òdìkejì odò ni ilé rẹ̀ wà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ ẹnu dídùn àti ẹṣin dúdú kan tó ń pè ní Àrá. Tankiso, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló tẹ̀ lé e.

"A rí aṣọ yín láti òdìkejì odò lọ́hùn-ún," ni Ramoeletsi wí.

"Ẹ rí i láti ibẹ̀ yẹn! Oòrùn ń ràn sí i dáadáa, àbí?"

Àgbàlagbà náà wo Tankiso, ó tún wo olùkọ́. "Ó ń ràn sí i, ọmọ mi. Ó ń dán yanran. Ọ̀fun wa sì ti gbẹ."

Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Thakane sọ gan-an nìyẹn. Puleng wọnú ilé lọ sídìí ìkòkò, ó wò ó. Ohun tó tó báyìí, kí ni ife méjì máa dín nínú rẹ̀? Ó bù ú wá, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn, bó ṣe rí i tí àwọn obìnrin ń ṣe.

Ramoeletsi mu, ó pa ojú dé. "Ìyá Thakane! Gbogbo àkókò tó fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí ló fi ń pa mọ́ fún wa!"

Tankiso ki ọwọ́ bọ àpò. "Èló ni, olùkọ́?"

"Èló wo? Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lápò, jàre! Ṣé àlejò ń sanwó ni?"

Ọwọ́ Tankiso dúró sínú àpò. "Ọ̀fẹ́?"

"Ẹ̀yin ni àlejò tí mo kọ́kọ́ ní!"

Ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" kì í gun ẹṣin, síbẹ̀ ó máa ń ya ẹṣin sílẹ̀. Kí oòrùn tó kúrò lórí òrùlé, àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń ti ẹ̀gbẹ́ òkè gbogbo dà bọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ké àgò, Puleng ń dá wọn lóhùn, ó ń bi wọ́n léèrè ilé àti ọmọ, wọ́n ń fi ìbéèrè rẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ife kọ̀ọ̀kan kò sì jọ ohun tó lè dín ìkòkò kù. Níkẹyìn, Ramoeletsi na ìjánu ẹṣin rẹ̀ sí i.

"Olùkọ́, wọ́n ní o ò gun ẹṣin rí, àfi èyí tí wọ́n fi dì ọ́ wá bí ẹrù. Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?"

"Èmi?"

"Ẹsẹ̀ rẹ ń gbọ̀n."

"Òtútù ni!"

Ló bá gun Àrá. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹṣin náà ń rìn jẹ́jẹ́ bí àgbà ìjọ. Àfi bó ṣe dé orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà lókè àbúlé tó na ọrùn. Puleng pariwo, kì í ṣe ariwo ẹ̀rù. Kúbùsù rẹ̀ ń gbá atẹ́gùn, òkè ń sáré ní ọ̀tún, ọ̀gbun ń sáré ní òsì, ìlà kúbùsù sì dúró ṣánṣán. Ó rò pé bóyá bí ẹyẹ ṣe ń jayé nìyí. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Àwọn tó kù lágbàálá kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni bù fún wọn mọ́.

Ìyá Lineo, tí ó ń ta ọtí nísàlẹ̀ àbúlé, ló pàdé Ìyá Thakane lójú ọ̀nà bó ṣe ń bọ̀ láti ìpàdé.

"Ẹ kú ọjà o, ẹlẹgbẹ́ mi!"

"Ọjà wo?"

"Ẹ má wulẹ̀ fara pamọ́ fún mi. Láti ọ̀sán ni ibùjókòó mi ti ṣófo, ẹyẹ ló ń ṣu síbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ gbé aṣọ funfun sókè, ẹ kó mi ní oníbàárà lọ. Ẹ ò tilẹ̀ sọ fún èèyàn!"

Ìyá Thakane gbójú sókè, ó rí aṣọ náà lórí ilé rẹ̀. Orúnkún tó wú kò rántí pé òun wú. Nígbà tí àwọn méjèèjì dé, àwọn àlejò ti lọ. Puleng nìkan ló wà nínú ilé, ó ń wo inú ìkòkò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló kù nísàlẹ̀.

Ìyá Thakane jókòó sórí àpótí. Kò pariwo. "Puleng, kí lo so mọ́ orí ọ̀pá?"

"Ṣẹ́ẹ̀tì mi ni, Ìyá. Oòrùn ni mo gbé e lé." Ojú rẹ̀ ti ń yí padà. "Àwọn yòókù náà ń sá aṣọ síbẹ̀…"

Ìyá Lineo bú sẹ́rìn-ín, ó di ògiri mú. "Yéè! Ó ní aṣọ là ń sá! Gbogbo ọdún tí mo fi ń tajà, aṣọ ni mò ń sá!" Àfi bó ṣe rí ojú Ìyá Thakane tí ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Òun náà mọ ohun tí ọjọ́ Ajé jẹ́.

Wọ́n ṣàlàyé fún Puleng. Ó bo ojú. Òun ló fún wọn mu, òun ló rẹ́rìn-ín, òun ló gun ẹṣin, màlúù ló sì máa jẹ oúnjẹ ọdún kan. Ó ní òun á kórè fúnra òun. Òun á bẹ̀rẹ̀ báyìí.

"Pẹ̀lú ọwọ́ tí kò di dòjé mú rí?" ni Ìyá Thakane wí. "Jókòó."

Puleng kò jókòó. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀, bó ṣe máa ń ṣe bí ìṣirò bá dí i lójú. Ó dúró. "Ìyá, ẹ ní ẹni tó bá ti mu ọtí ọ̀wẹ̀, ó ti di dòjé mú."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ọtí ọ̀wẹ̀ kọ́ ni wọ́n mu?"

Ìyá Lineo ló kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sí ẹnu.

"Kí ni wọ́n san fún ọ?" ni Ìyá Thakane béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mo kọ̀ ọ́ ni. Mo ní àlejò kì í sanwó."

Obìnrin náà dìde. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ọmọdé tó fẹ́ jí ẹran nínú ọbẹ̀. "Gbé ṣẹ́ẹ̀tì yẹn sọ̀ kalẹ̀. Má jẹ́ kó sọnù. A ó lò ó lọ́la."

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé ti mọ́, ọ̀pá náà ti wà láàárín oko ọkà bàbà, níbi tí àbúlé mẹ́ta ti lè rí i. Oòrùn àkọ́yọ bà lé ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ìyá Thakane jókòó sórí òkúta, ó da kúbùsù bo orúnkún rẹ̀. Ìyá Lineo ti yá dòjé kiri ilé, ó sì kó wọn wá fúnra rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i bí àwọn oníbàárà òun ṣe máa làágùn. Àwọn obìnrin tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ náà ti dé, wọ́n gbọ́ ìròyìn, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ń bọ̀!" ni Puleng ké. Ó ń fò sókè bí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀.

Wọ́n ń bọ̀ lóòótọ́, ẹṣin ń tẹ̀ lé ẹṣin, wọ́n ń sáré kí ẹnì kan má baà ṣáájú ẹnì kan dé ìdí ọtí. Ramoeletsi ló kọ́kọ́ dé. Ó wo ọ̀pá, ó wo dòjé, ó wo Ìyá Thakane.

"Ẹ káàárọ̀, Ọmọ Kìnnìún," ni obìnrin náà wí, ó fi oríkì ìran wọn kí i. "Ṣé ọtí àná dùn?"

"Ó dùn, Ìyá Thakane. Ó dùn gan-an ni."

"Ọtí ọ̀wẹ̀ ni."

Tankiso ti ń yí ẹṣin padà. "Èmi ò jẹ̀bi! Mo mú owó jáde, olùkọ́ ló kọ̀ ọ́!"

"Ó yá, ẹ̀yin àgbà," ni Ìyá Thakane wí, ó gbóhùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ọtí tí a bá gbowó rẹ̀, títà la tà á. Ọtí tí a kò gbowó rẹ̀ ńkọ́? Kí ni bàbá yín máa ń pè é?"

Àwọn kan ń wo etí ẹṣin wọn.

"Àbí àwọn ọmọ kìnnìún ti di ajá tó ń lá àwo kó tó sá?"

Ramoeletsi ṣí fìlà, ó yọ ẹ̀rín díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kún gbogbo ojú rẹ̀. "Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń pè é," ló wí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí Ìyá Lineo fún dòjé. "Tankiso, sọ̀ kalẹ̀. Ife mélòó lo mu?"

"N kò kà á."

"Nígbà náà, títí ilẹ̀ á fi ṣú ni."

Ẹ wo iṣẹ́! Ọ̀wẹ̀ tí Ìyá Thakane rò pé àwọn obìnrin díẹ̀ máa bá a ṣe, ọkùnrin àbúlé mẹ́ta ló wọ̀ ọ́. Wọ́n tò sórí ìlà, orin gòkè, dòjé ń kọ mànà, orí ọkà ń wó lulẹ̀ ní ìṣù pupa. Puleng gbìyànjú dòjé, ṣùgbọ́n kí ó tó gé ìwọ̀nba díẹ̀, ìyá arúgbó kan ti gé ìlọ́po rẹ̀. Wọ́n gba dòjé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e lé Àrá lórí, wọ́n di àpò ọkà sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ó ń gùn ún lọ sí ibi ìpakà, ó ń gùn ún bọ̀, eruku pupa kún irun rẹ̀.

"Olùkọ́!" ni Tankiso ń ké láti orí ìlà, òógùn bò ó. "Kí ni ẹ máa sá lọ́la? Kí n lè mọ ibi tí n ó sá sí!"

"Ìbọ̀sẹ̀ ni!"

Ní ọ̀sán, sánmà ṣú ní ìhà gúúsù, àwọn àgbà gbójú sókè, orin sì yára. Àwọn ìlà tó kẹ́yìn, eré ni wọ́n fi gé e. Nígbà tí Ramoeletsi gé igi ọkà ìkẹyìn tó sì jù ú sókè, oòrùn kò ju ìka kan lọ lórí òkè mọ́. Ìyá Lineo ló wá gbé aṣọ funfun tirẹ̀ sókè lẹ́bàá oko. Ìkòkò rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọ̀sán. Ní ti èyí, gbogbo wọn sanwó, ó sì ta á tán.

Ìyá Thakane tú ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí ọ̀pá, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó wò ó. Àbàwọ́n ọkà ti fa ìlà pupa kan gbọọrọ láti ọrùn dé ìsàlẹ̀.

"Ó ti bà jẹ́, Ìyá."

"Wò ó dáadáa. Ìlà rẹ̀ dúró."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, baálẹ̀ ṣí oko. Agogo ọrùn màlúù ń ró sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, àwọn ẹran sì ya bo oko Ìyá Thakane, wọ́n bá pòròpórò níbẹ̀. Puleng dúró wò wọ́n títí agogo ilé ìwé fi ró, ó wá sáré. Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn náà ló wọ̀. Bó ṣe wọ kíláàsì, àwọn ọmọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n kí i ní ohùn kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ káàárọ̀, olùkọ́ wa! Ṣé ọtí wà?"